Ewé Tíì Dé Houston

Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi kú àbọ̀, mo rí yín. Mo rí ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára báàgì mi ju ara mi lọ. Ìbéèrè kan náà ni mo sì gbọ́ lẹ́nu gbogbo yín: "Mama, kí lẹ jẹ lọ́hùn-ún?" Nígbà tí mo dáhùn pé n kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ohun tí mo jẹ, pé ohun tí mo mu ni mo rántí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara yín bí ẹni pé ọtí ni mo bá lọ.

Tíì ni. Mo jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n lè ròyìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi tún un sọ lẹ́yìn mi. Àwọn kan nínú yín mọ̀ mí láti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Àwọn wọ̀nyí mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí nígbà náà, tí wọ́n ṣì ń pè mí títí di òní bí mo bá ti kọjá. Ẹ má díbọ́n. Ewé-Tíì. Etí mi kò tíì di. Orúkọ náà bá mi wọ ọkọ̀ òfurufú lọ, n óò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Houston.

Ẹnubodè

Gbogbo ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn nípa òtútù, ẹ ti parọ́. London lẹ lọ, ẹ sì rò pé ibi gbogbo tí òyìnbó bá wà, yìnyín ló ń bọ́ níbẹ̀. Mo wọ kóòtù tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀, mo sì fi síkáàfù di etí mi. Báyìí ni mo ṣe dé iwájú ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò, tí òógùn ń ṣàn lójú mi bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Ọkùnrin náà sanra, ó sì ní sùúrù. "Ma'am" ló ń pè mí lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀. Ó tú gààrí wò, ó ṣí irú, ó sì yára dé e padà. Nígbà tó dé orí ọ̀rá tí mo kó ewé gbígbẹ sí, ó gbé e sí imú.

"Kí nìyí, ma'am?"

"Tíì ni," ni mo wí.

Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó wá wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó bá sọ pé ewúrẹ́ ló jẹ ìwé òun. "Rárá, ma'am. Koríko ni." Ó rọra jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì kí mi kú àbọ̀ sí Texas.

Ọkùnrin yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi. Kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ̀: nígbà tí a wà nílé-ẹ̀kọ́, Mísì, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa, pe àwa àgbà ọmọbìnrin wá sí pálọ̀ rẹ̀ láti mu tíì. Ó bi wá pé ta ló mọ ibi tí tíì ti ń wá. Mo nawọ́. Mo ní, "Ó wà lẹ́yìn ilé wa, Mísì." Òtítọ́ sì ni. Koríko gígùn tó ń hù lẹ́bàá balùwẹ̀ wa, tí etí rẹ̀ mú bí abẹ, tí ìyá mi ń sè fún wa láàárọ̀, kò ní orúkọ méjì nílé wa. Ewé tíì ni. Àwọn ilé mìíràn ń pè é ní koríko ọba. Gbogbo yín lẹ ti mu ún.

Mísì ní irọ́ ni mo ń pa, pé tíì kì í hù nílẹ̀ yìí. Mo mú un wá láti ilé. Ó fi ìka méjì gbé e sókè, ó ní, "Koríko lèyí, Rebecca." Kọ́mfọ́ọ̀tì, ẹni tí a jọ ń sùn sí yàrá kan náà, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ìyókù tó tẹ̀ lé e. Òun náà ló sọ mí ní Ewé-Tíì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí ọmọbìnrin, ẹni tí yóò máa lu aago ilé-ìwé. Mísì ní òun kò lè fi aago lé òpùrọ́ lọ́wọ́. Ó fi lé Kọ́mfọ́ọ̀tì lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, mo kọ́ ọmọ títí irun mi fi funfun. Mo di ọ̀gá ilé-ìwé, mo ní aago tèmi. Aago ti ìgbà yẹn ti dákẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.

Òkú tíì

Tóyìn ọmọ mi rí mi nínú kóòtù, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá mú. "Mọ́mì! Ta ló ṣe yín báyìí?" Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí tí a bọ́ síta, ooru gbá mi lójú bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò ẹ̀wà. Ooru Èkó máa ń sinmi nírọ̀lẹ́. Ti Houston kò mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú.

Kí a tó délé, Tóyìn yà sí ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá fíríwéè, òpópónà ńlá wọn. Ọmọbìnrin tó wá bi wá ní ohun tí a fẹ́ kò ju ọmọ tí mo lè nà lọ. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó pè mí ní oyin. Èmi! Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní oyin rí, ọkọ mi pàápàá, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kò dán an wò. Oyin yìí ní kí ni n óò mu. Mo ní tíì. Ó sì gbé gíláàsì kan wá tó tóbi bí garawa, yìnyín kún un títí dé ẹnu.

Mo ní, "Tóyìn, sọ fún un kó gbé e padà. Tíì yìí ti kú."

"Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń mu ún níbí nìyẹn."

"Òkú tíì?"

"Ẹ ṣáà tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. Mo mu ún tán, mo sì ní kó bu òmíràn wá. Mo sọ èyí fún yín nítorí pé Tóyìn yóò sọ ọ́ bí n kò bá sọ ọ́.

Wọ́n lọ́yàyà, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹni tí o kò mọ̀ rí yóò bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, eyín rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n kí o tó sọ pé orúnkún ń dùn ọ́, ó ti kọjá lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó yé dúró dá wọn lóhùn. Tíì wọn ló tún yà mí lẹ́nu. Ní ilé ìtajà, odidi pẹpẹ kan, tíì ni: èyí tó ń ta sánsán bí ọsàn, èyí tó ń ta bí òdòdó, èyí tí wọ́n ní ó ń mú oorun wá. Mo dúró níbẹ̀, mo ronú nípa àwa náà. Nílé wa, kòkó tíì ni, kọfí tíì ni, ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú ife, tíì ni. Àwọn tó ń pe kòkó ní tíì ni wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo pe ewé ní tíì.

Ọwọ́ tó gbá mi lẹ́yìn

Ìjọ Tóyìn háyà gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ. Lẹ́yìn ìsìn ní Sunday àkọ́kọ́, mo dúró ti àwo ìrẹsì mi jẹ́jẹ́ nígbà tí ọwọ́ kan gbá mi lẹ́yìn, pàà!

"Ewé-Tíì! Àbí ojú ló ń tàn mí?"

N kò nílò láti yíjú padà. Kọ́mfọ́ọ̀tì ni, nínú léèsì, pẹ̀lú awò ojú tó so mọ́ ẹ̀wọ̀n wúrà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ dókítà, wọ́n ní ilé ńlá ní Sugar Land, gbogbo ìjọ sì ń pè é ní Mama Dókítà. Mo ní, "Kọ́mfọ́ọ̀tì, o ṣì wà láyé." Ó rò pé ìkíni ni.

Kí n tó jẹ ìrẹsì yẹn dé ìdajì, ó ti pe àwọn obìnrin jọ. "Ẹ wá gbọ́! Ẹni tẹ́ ẹ rí yìí, ó já koríko wá fún òyìnbó, ó ní tíì ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé àwo ìrẹsì náà sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò. Bísí ọmọ-ọmọ mi kò mọ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀, mà", orúkọ oúnjẹ, àti ìbáwí lọ. Ní ọjọ́ yẹn ó kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Ó yọ orí láti ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì fi imú sọ ọ́ bí ọmọ America: "Grandma Ewé-Tíì!"

"Bísí! Ṣé o fẹ́ kí n gbá ọ létí?" ni Tóyìn pariwo.

"Fi ọmọ sílẹ̀," ni mo wí. Ọmọ kò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé orúkọ náà ti dé ìran kẹta. Bí n kò bá yanjú rẹ̀ kí n tó padà wálé, òun ni ọmọ yìí yóò fi rántí mi: ìyá àgbà tó purọ́ fún òyìnbó.

Obìnrin tó wà lódì kejì ọgbà

Ní ibi tí Tóyìn ń gbé, àwọn ará Vietnam pọ̀ ládùúgbò. Ìyá àgbà kan nínú wọn ń gbé lódì kejì ọgbà wa. Kò gbọ́ òyìnbó, kò sì gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bó bá rí mi, ó máa ń pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó máa ń tẹrí ba. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní America tó kí mi bí àgbàlagbà ṣe yẹ ní kíkí. Ó gbin nǹkan sínú garawa àti agolo káàkiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wà ní ìdí fèrèsé nígbà tí òórùn kan wọlé. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyá mi ni mo bá ara mi. Mo sáré jáde láìwé gèlè. Ìyá náà ló bẹ̀rẹ̀ tó ń gé ewé gígùn, etí rẹ̀ mú bí abẹ.

"Ewé tíì!" ni mo kígbe.

Ó pè é ní orúkọ tiwọn. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe adìyẹ, ó fi ṣe bí ẹni tó ń ro ọbẹ̀. Mo mi orí. Mo fi ọwọ́ ṣe ife, mo gbé e sẹ́nu. Òun náà mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ gbé ìkòkò mi wá. A sè é, a jókòó sórí àga rọ́bà, a mu ún. Lẹ́yìn ìgbà tó ti mu díẹ̀, ó wo inú ife, ó wò mí, ó sì nà án sí mi kí n bu sí i. Kò bi mí bóyá tíì ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ó máa ń wé ìdì kan sínú ìwé ìròyìn fún mi. Ó tiẹ̀ gbé ọ̀kan fún mi, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, ní ọjọ́ Saturday tí à ń lọ sọ́dọ̀ Kọ́mfọ́ọ̀tì. Tóyìn ti ń fọn fèrè mọ́tò. N kò ráyè padà sínú ilé, mo bá tì í sínú báàgì ọwọ́ mi.

Ilé tíì ní Sugar Land

Kọ́mfọ́ọ̀tì ló pe àwa ìyá ìjọ pé ká wá tọ́ tíì wò. Yétúndé, aya ọmọ rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ tí n kò ní búburú kan láti sọ nípa rẹ̀, ló máa ń ra tíì ní mọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ti inú àpò kékeré olókùn tí a mọ̀. Ewé lásán ni, nínú agolo, tí wọ́n ti po òórùn oríṣiríṣi mọ́. Ó to ìkòkò tíì sórí tábìlì gbọọrọ, kò sì jẹ́ ká mọ èyí tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó mu, a ó fi wé ara wọn, a ó sọ èyí tó dára jù.

Ní àárín tábìlì, níwájú Kọ́mfọ́ọ̀tì, aago kékeré kan wà. Wúrà. Ó gbé e, ó mì ín kí ariwo lè dákẹ́. Mo wo aago yẹn, mo sì wo ọwọ́ tó mú un.

"Kò sí mílíìkì," ni Kọ́mfọ́ọ̀tì wí. "Kò sì sí ṣúgà. Tíì gidi kì í fẹ́ ìrànlọ́wọ́."

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣọlá ní, "Mama Dókítà, ṣé ààwẹ̀ lẹ pè wá wá gbà ni?" Mo rí i tó rọra tú ṣúgà láti inú háńkáṣíìfù rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́, òórùn òdòdó ni. Bí mo ṣe gbé e mì, mo rántí ìgbà tí mo mu lọ́fínńdà àǹtí mi ní kékeré. Lábẹ́ òdòdó náà tíì wà, ó korò díẹ̀, ó sì mọ́ lẹ́nu. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kí inú òun máa ta sánsán. Èkejì, wọ́n fi èéfín yan ewé rẹ̀. Kó tó dé ẹnu, Ìyá Ṣọlá ti yíjú sí ilé ìdáná: "Ta ló ń yan ẹja?" Ẹnì kankan kò mu tirẹ̀ tán àfi èmi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó bá le tó sì ń rùn, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fẹ́ràn òun, ó máa ń bá mi lára mu.

Ẹ̀kẹta dà bí ọṣẹ ìfọyín. Ẹ̀kẹrin ń ta sánsán bí bísíkíìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ṣùgbọ́n bó ṣe dé orí ahọ́n, kò sí bísíkíìtì, omi gbígbóná ni. Ó jọ àbúrò ọkọ mi tó ṣèlérí láti bá mi tún òrùlé ṣe. Ó mọ ara rẹ̀. Òrùlé ṣì ń jò.

Èyí tó kẹ́yìn ni Yétúndé dà síwájú wa. Òórùn rẹ̀ gòkè, òórùn ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyá mi gan-an, mo sì gbé ife sílẹ̀. Kọ́mfọ́ọ̀tì pa ojú dé, ó mu, ó tún mu. Ó lu aago rẹ̀.

"Ẹ gbọ́! Èyí ni tíì. Àwọn tó kù, eré ọmọdé ni. Irú èyí ni ọbabìnrin ń mu."

"Kọ́mfọ́ọ̀tì," ni mo wí, "ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kó bi mí nípa tíì, Ewé-Tíì." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ kọ́ ọgbọ́n ni. Ṣé tíì pọ́ńbélé ni?"

"Pọ́ńbélé!"

"Yétúndé ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa ka ohun tó wà lára agolo."

Yétúndé gbé agolo sókè. "Ó ní tíì dúdú, èèpo ọsàn, àti lẹ́mọ́ọ̀nù-gíráàsì, mà."

"Gíráàsì. Kí là ń pe gíráàsì ní Yorùbá?"

Yétúndé wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Koríko ni, mà," ló fi ohùn kékeré sọ.

Mo ṣí báàgì mi. Mo tú ìwé ìròyìn, mo fi ọwọ́ ra ewé kan, mo sì ní kí wọ́n máa gbé e kiri. Ariwo sọ. "Háà! Ewé tíì ni!" ni Ìyá Ṣọlá wí. "Ìyá mi máa ń sè é fún wa tí ibà bá ń ṣe wá!" "Ó wà nílé àwa náà!" "Ẹ fún mi díẹ̀, Mama Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Kọ́mfọ́ọ̀tì tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Ti inú agolo yàtọ̀," ni ó wí. "Àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ti ṣe é. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, koríko ni." Ó sì lu aago, ó ní ká wá jẹ kéèkì. Tóyìn já mi léèékánná lábẹ́ tábìlì kí n má baà dáhùn.

Nígbà tí à ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Kọ́mfọ́ọ̀tì wá bá mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Rẹ̀bẹ́kà, gbòǹgbò wà lára ìdì yẹn. Fún mi níbẹ̀, kí n gbìn ín. Fún ẹwà ni o." Kò tíì pe orúkọ mi láti ìgbà tí mo ti dé, ìgbà tó sì wá pè é, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo fún un.

Fóònù

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ti ń di ẹrù ìpadàbọ̀ mi nígbà tí fóònù ilé ìdáná dún. A wà nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Tóyìn ló gbé e.

"Mọ́mì, Mama Dókítà ni. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń sunkún."

Mo gbé e sí etí, mo sì yára gbé e jìnnà sí etí, nítorí igbe tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ.

"Rẹ̀bẹ́kà! Wọ́n ti gé e!"

"Wọ́n gé kí ni?"

"Àwọn tó ń wá fi ẹ̀rọ gé ọgbà fún wa! Wọ́n gé e mọ́lẹ̀! Ó ti ga dé orúnkún mi, mo ń sè é mu láràárọ̀!"

"O ní fún ẹwà ni o gbìn ín."

"Rẹ̀bẹ́kà, jọ̀ọ́!"

"Kí ló dé tí wọ́n fi gé e?"

"Wọ́n ní àwọn rò pé koríko ni!"

"Ṣé kì í ṣe koríko ni, Kọ́mfọ́ọ̀tì?"

Tóyìn ti gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Tíì ni," ni Kọ́mfọ́ọ̀tì wí.

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Tíì ni! Ewé tíì ni! Láti ilé ìyá mi ni mo ti mọ̀ ọ́n!"

Ó mọ̀. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín yẹn nínú pálọ̀ Mísì, ó mọ̀. Mo ti ní ọ̀rọ̀ kan tí mo ń tọ́jú fún un láti ìgbà ọmọge, tí mo ti pọ́n títí ó fi mú bíi gíláàsì. Mo wá a, n kò rí i.

"Gbòǹgbò rẹ̀ kò kú," ni mo wí. "Bomi rin ín. Yóò hù padà."

Mo gbé fóònù kọ́ sára ògiri. Bísí ń wò mí. "Grandma, what's wrong with Mama Dókítà?"

"Kò sí nǹkan," ni mo dá a lóhùn. "Aago ló lù fún mi."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá ti ń pè mí ní Ewé-Tíì ní bòókẹ́lẹ́, kó máa pè mí ní gbangba. Mo ti ń jẹ́ ẹ. Ewé náà wà lẹ́yìn ilé mi bó ṣe wà lẹ́yìn ilé ìyá mi, omi sì ń hó lórí iná bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ wọlé wá, ife wà. Kò sí mílíìkì.